Mẹ́dọ̀wú Olóríkunkun Tó Wọ Inú Àáró Wa

Ẹ̀yin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi èsì ẹ̀jẹ̀ lé lọ́wọ́, tí ẹ ti ń ro ẹni tí yóò jogún oko yín, ẹ fìdí lé àga ná. Ẹ má tíì pín nǹkan kan. Èmi Bàbá Kàmọ̀rú, àgbẹ̀ oníṣu ní Àgọ́-Àmọ́dù, ni mo ń bá yín sọ̀rọ̀. Ibi tí ẹ̀ ń bẹ̀rù yẹn, mo ti lọ, mo ti bọ̀. Mo dé ẹnu ibodè ọ̀run, ìlà tí mo bá níbẹ̀ gùn ju ti ilé ìwòsàn Ṣakí lọ, inú bí mi, mo yí padà sílé. Àlùhámúdùlílàhí! Ara mi ń yá gágá bí mo ṣe ń kọ èyí. Bí ẹ bá rí i tí ìlà ìwé mi wọ́, ẹ̀bi ilé ìwé ni. Nígbà tí mo wà ní ìwé kẹta, olùkọ́ wa ní kí n lọ já ẹgba wá kí òun fi nà mí. Mo lọ já a. N kò tíì padà dé títí di òní.

Ẹ jẹ́ kí n gbà á láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá béèrè mi láti Àgọ́-Àmọ́dù dé Ìgbòho, wọn yóò sọ fún yín pé bí mo bá ń kọ ebè, àparò tó ń fò lókè kì í bá mi dé òpin poro. Ebè mi tóbi débi pé ìyàwó ọmọ mi gun orí ọ̀kan lọ́jọ́ kan, ó fi ń wo ọkọ rẹ̀ bí ó ṣe ń bọ̀ láti Ṣakí. Àwọn ará àáró wa ni ẹlẹ́rìí mi. Àwa ọ̀rẹ́ díẹ̀ ni, a jọ dàgbà, a jọ ń ti oko ẹnì kan bọ́ sí ti ẹnì kejì. Lónìí a wà lóko mi, lọ́la a wà lóko rẹ. Bàbá Táyé ni olórí wa, ọ̀rẹ́ mi láti ìgbà tí a ti ń jọ dẹ òkété.

Lọ́dún kan lọ́hùn-ún, àárẹ̀ kan dé. Àárẹ̀ iṣẹ́, mo mọ̀ ọ́n, a ti jọ ń gbé tipẹ́. Èyí kì í dúró de iṣẹ́. Ó ń bá mi jí láàárọ̀ kí n tó fọwọ́ kan ọkọ́. Mo kọ ebè díẹ̀, mo fi àgbọ̀n lé igi ọkọ́, mo sì sùn lórí ìdúró bí ẹṣin. Bàbá Táyé ló kígbe láti òdìkejì oko.

"Bàbá Kàmọ̀rú! Ṣé àdúà lò ń ṣe ni, àbí o ti kú?"

"Mò ń gbọ́ ohun tí ilẹ̀ ń sọ ni."

"Ilẹ̀ ní ọ̀lẹ ni ọ́."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn ni nǹkan ti ń wọ́ tẹ̀ lé ara wọn. Oúnjẹ bẹ̀rẹ̀ sí í rùn sí mi. Bí mo bá gbóòórùn epo tó ń yọ́ lórí iná, inú mi á rú, èmi tí mo máa ń jẹ iyán tí odó á fi máa bẹ̀bẹ̀. Ara ń yún mi, àtẹ́lẹwọ́ ń yún mi, mo sì ń fi ẹ̀yìn ra igi òrí bíi màlúù. Ìtọ̀ mi wá dà bíi tíì tí kò rí mílíìkì. Mo bò ó mọ́ra. Mo ní oòrùn ni.

Ìyàwó mi, Ìyá Kàmọ̀rú, ló tú àṣírí mi. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó fà mí lọ sẹ́nu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ó fi àtàǹpàkò fa ìpéǹpéjú mi sílẹ̀.

"Bàbá Kàmọ̀rú, ojú yín ti pọ́n bí ọsàn."

"Ṣé ó bá mi mu?"

"Ẹ má bá mi ṣeré." Ohùn rẹ̀ gbọ̀n. Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ, n kò tíì gbọ́ kí ohùn obìnrin yẹn gbọ̀n rí, àfi ọjọ́ tí iná jó àká wa.

Ní ilẹ̀ wa, bí ojú bá ti pọ́n, tí ìtọ̀ pọ́n, ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ nìyẹn, gbogbo ayé sì ni dókítà rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí a ń pè ní Ìyá Ìràwọ̀ torí pé ìlú Ìràwọ̀ ló lọ́kọ sí, gbọ́ lówùúrọ̀, ó ti dé lọ́sàn-án. Ọ̀kadà ló gbé e wá, òun àti ìgò dúdú, ìgò funfun, àti kẹ́ẹ̀gì kan tó ń hó, tó ń ru, bí ẹni pé ó ní ọ̀rọ̀ láti sọ. Ọ̀pẹ òyìnbó tí kò pọ́n wà nínú rẹ̀, èèpo mángòrò wà nínú rẹ̀, omi ògì kíkan ló fi rẹ ẹ́.

Ìyàwó mi ní, "Ìyá mi, ẹ jẹ́ kí á gbé wọn lọ sí Ṣakí kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò."

"Kí ni dókítà mọ̀? Ibà yìí ṣe bàbá wa, omi ògì yìí náà ló mu."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, bàbá wa kú."

"Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọjọ́ yẹn ló kú!"

Ẹ sọ fún mi, ẹnu wo ni èèyàn á fi dá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lóhùn? Mo mu ún. Mo mu ún láàárọ̀, mo mu ún lálẹ́. Inú mi bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ó ń wú, bíi ti aboyún ìbejì. Ẹsẹ̀ mi wú débi pé bàtà kọ̀ mí sílẹ̀. Nígbà tí ó sú mi, mo ń yọ́ da àgbo náà sí ìdí ìbẹ́pẹ tó wà lẹ́yìnkùlé. Ìbẹ́pẹ náà wọ́ ewé, ó tẹrí ba, ó dákẹ́. Mo wò ó, mo ní: igi tí ara rẹ̀ le koko rèé, ta ni èmi? N kò sọ pé kí ẹ máa bú àgbo o. Àgbo àwọn bàbá wa tọ́ mi dàgbà. Ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ ló ń gbé gbogbo ohun tí a bá mu. Ẹ̀dọ̀ tó ti rẹ̀ kò yàtọ̀ sí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó ti dùbúlẹ̀. Ẹ kì í tún gbé àpò iyọ̀ lé e.

Bí ìbẹ́pẹ ṣe kú ni Ìyá Kàmọ̀rú kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn mọ́. Ó pe ọlọ́kadà, ó gbé mi sáàárín, òun jókòó sẹ́yìn mi, ó fi ìborùn rẹ̀ so mí mọ́ ara rẹ̀ bí ọmọ ọwọ́, ó di Ṣakí.

Ìlà ilé ìwòsàn yẹn! A kúrò nílé kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, síbẹ̀ bàtà ló ti tò sílẹ̀ níwájú wa. Àwọn tó ni bàtà wà lábẹ́ igi, wọ́n ń jẹ àkàrà. Ìyẹn ni àṣà ibẹ̀: bí ìlà bá gùn, bàtà rẹ ló máa dúró, ìwọ lọ jókòó. Bàtà kan wà níwájú tèmi, aláǹtakùn ti kọ́lé sínú rẹ̀. Mo bi ọkùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pé ta ni ó ni ín. Ó ní, "Bàbá, a bá a níbẹ̀ ni." Ó dá mi lójú pé ẹni tó ni bàtà yẹn ti gba ìwòsàn, ó ti lọ Mẹ́kà, ó ti bọ̀.

Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ mi. A lọ, a bọ̀, a tún lọ. Dókítà tó dá mi lóhùn, ọmọdébìnrin kan ni, ó lè jẹ́ ọmọ ọmọ mi, ṣùgbọ́n ó kí mi dáadáa, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kí ó tó jókòó.

"Bàbá, kì í ṣe ibà. Àrùn mẹ́dọ̀wú ni, oríṣi tí wọ́n ń pè ní síì."

"Ṣé éè àti bíì ti tán ni?"

"Wọ́n wà, Bàbá. Tiyín ni síì."

"Ó dáa. Ìwé mẹ́ta tí mo kà, mo dé síì dáadáa."

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. Ìyá Kàmọ̀rú kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó bi í léèrè ohun tí èmi ń fi ẹ̀fẹ̀ sá fún. "Ṣé ó máa pa wọ́n?"

Ọmọ náà wo ojú mi, kò wo ojú ìyàwó mi. Ó ní, "Bí ẹ bá jókòó sílé tì í, ó lè pa yín, torí ó ti pẹ́ lára yín, ó ti ń já ẹ̀dọ̀ yín jẹ. Bí ẹ bá lo oògùn, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá."

Ẹ̀fẹ̀ tán lẹ́nu mi. Lórí ọ̀kadà tí a fi padà sílé, mò ń wo oko ọ̀tún, mò ń wo oko òsì. Mo rí ebè onílé, mo rí ebè àjèjì, mo wá ń rò ó pé lọ́dún tó ń bọ̀, ẹlòmíràn ni yóò kọ tèmi. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn. Kì í ṣe ikú. Ẹlòmíràn, lórí ilẹ̀ mi, tí yóò máa kọ ebè kékeré!

Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ìyàwó mi wò pẹ̀lú. Lọ́jọ́ tí à ń dúró de èsì rẹ̀, mo ka gbogbo bàtà tó wà ní ìlà, mo tún un kà. Ó jáde, ó mọ́ tónítóní. Mo fò sókè pẹ̀lú inú wíwú mi. Dókítà ṣàlàyé fún wa pé ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé kòkòrò náà láti ara ẹnì kan dé ara ẹlòmíràn, pé kì í ṣe abọ́, kì í ṣe ife, kì í ṣe ìdìmọ́ra. Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ti ń ya ife sọ́tọ̀ fún ara yín! Nílé mi, ìyàwó mi kàn gba ìyókù omi lọ́wọ́ mi níwájú àwọn tó wá kí mi, ó mu ún tán, ó nu ẹnu. Kò sẹ́ni tó tún ya ife sọ́tọ̀ fún mi.

Mo ta abo màlúù mi tó wà lọ́wọ́ Fúlàní darandaran, mo fi ra oògùn. Òògùn kékeré bí ẹ̀wà, ẹyọ kan lójúmọ́, fún oṣù bíi mélòó kan. Wọ́n fún mi ní òmíràn tí ń mú ni tọ̀. Inú mi rọlẹ̀, ẹsẹ̀ mi rọlẹ̀, bàtà dárí jì mí. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í pe ara mi ní akọni. Mo lo oògùn náà tán, n kò fo ọjọ́ kan, torí Ìyá Kàmọ̀rú ń dúró lórí mi bí wódà ẹ̀wọ̀n, ó ní kí n ya ẹnu kí òun rí i pé mo gbé e mì. A padà lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò.

Kòkòrò náà wà níbẹ̀. Ó jókòó. Ó na ẹsẹ̀.

Dókítà ní kí n fi sùúrù sí i, wọ́n á fi ẹ̀jẹ̀ mi ránṣẹ́ sí ibi tí wọ́n ti lè mọ irú ẹ̀yà tí ó jẹ́ gan-an. Ṣùgbọ́n ta ni ń fi sùúrù sí i nílé wa? Ìyá Ìràwọ̀ ti kó àgbà ẹbí jọ sí pálọ̀ mi, kẹ́ẹ̀gì tuntun ló fi ṣe tìmùtìmù.

"Ṣé mo sọ, àbí n kò sọ? Ó ta màlúù, ó fi ra ẹ̀wà òyìnbó gbé mì. Kòkòrò ń jó nínú rẹ̀!"

Ẹnì kan ní, "Ayé ló wà nídìí ẹ̀." Ẹlòmíràn ní kí n lọ sùn sọ́dọ̀ oníṣègùn kan ní ẹ̀yìn odò, tí kì í jẹ́ kí aláìsàn rí ará ilé rẹ̀ títí ara rẹ̀ á fi yá. Kí n sòótọ́ fún yín, ó rẹ̀ mí débi pé mo ti fẹ́ sọ pé ó dáa. Ọ̀gbun ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń já sí. Òògùn àkọ́kọ́ kọ̀, wọ́n á rò pé gbogbo òògùn ló kọ̀.

Ìyá Kàmọ̀rú kúnlẹ̀ níwájú ẹ̀gbọ́n mi. Ó kúnlẹ̀ dáadáa, kò sì gbé ohùn sókè.

"Ìyá mi, àbúrò yín lẹ fẹ́ gbà là, ọkọ mi lèmi fẹ́ gbà là, ọ̀nà wa ò jìn síra. Ṣùgbọ́n dókítà ní òun máa wádìí ohun tó fà á tí kò fi lọ. Ẹ jẹ́ kí á gbọ́ ìdáhùn ná." Ó dìde, ó gbé kẹ́ẹ̀gì náà jáde, ó dà á sídìí ìbẹ́pẹ tó kú. Ìyá Ìràwọ̀ wo ìbẹ́pẹ, ó wò mí. "Kí ló ṣe ìbẹ́pẹ yìí?" Mo ní ibà pọ́njú ni. Ó pòṣé, ṣùgbọ́n kò tún gbé kẹ́ẹ̀gì wá mọ́.

Ìdáhùn dé. Ha! Ẹ bá mi yọ̀, torí ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn nìyí. Dókítà ní kòkòrò síì náà pín sí ẹ̀yà ẹ̀yà. Ẹ̀yà tí wọ́n máa ń rí jù, òògùn tí mo lò ń ká a. Ṣùgbọ́n èyí tó wà lára mi ṣọ̀wọ́n, wọn kì í sábà bá a pàdé, ó sì ní orí kunkun sí òògùn yẹn.

Mo na ọwọ́. "Dókítà, ó yé mi! Ẹ̀sùrú ni!"

"Kí ni ẹ̀sùrú, Bàbá?"

Mo ní, "Ẹ wò ó. Iṣu ni efùrù, iṣu ni ẹ̀sùrú. Iná díẹ̀, efùrù ti jiná. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀sùrú pẹ́ nílẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn tí a wà á, ẹ gbé e ka iná láti àárọ̀ dé alẹ́, líle ni yóò máa le. Kì í ṣe ẹ̀bi iná. Ohun tó wà nínú ìkòkò ló yàtọ̀."

Ó wò mí títí. Ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni, pé iná mìíràn wà, òògùn mìíràn tí wọ́n so pọ̀, tó ń ká irú èyí. Mo dìde, mo fẹ́ jó. Inú mi dùn jọjọ! Lójú mi, a ti mọ orúkọ olè, ilẹ̀kùn rẹ̀ ló kù kí á kàn. Ká má parọ́, ó tún dùn mọ́ mi pé àrùn mi kì í ṣe ti gbogbo èrò. Gbogbo àwọn tó wà ní ìlà ni mo sọ fún. Mo ní, "Tiyín, efùrù ni. Èmi, ẹ̀sùrú!"

Ṣùgbọ́n kí n tó jáde, ojú dókítà bọ́ sí ọrùn ẹsẹ̀ mi. Ó rí àwọn ojú gbẹ́rẹ́ tó tò bí èèrùn.

"Bàbá, kí nìyí?"

"Gbẹ́rẹ́ ejò." Mo ṣàlàyé fún un. Lọ́dọọdún, kí àáró wa tó wọ oko ebè, a máa ń tò sí ìdí igi òrí kan, Bàbá Táyé á fi abẹ sín ọrùn ẹsẹ̀ wa, á fi ẹbu ra á, kí ejò lè sá fún wa. Èmi ni igbákejì rẹ̀, tèmi ló máa ń sín gbẹ̀yìn. Lẹ́yìn mi, á sín ti ara rẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ o! Lọ́dún kan, ṣèbé rí ẹsẹ̀ mi, ó kí mi, ó yà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà.

"Abẹ mélòó?"

"Abẹ kan ni. Ṣé kì í ṣe ejò kan náà là ń sá fún ni?"

Ó gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ̀jẹ̀ gbogbo yín ló ń kan abẹ yẹn, Bàbá. Àwọn tó kù dà?"

"Wọ́n wà lóko."

"Ẹ kó wọn wá."

Mo lọ bá Bàbá Táyé nílé. Mo rò pé yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo kọ́kọ́ fi ẹ̀sùrú mi yangàn.

Ó ní, "Àrùn lo fi ń yangàn?"

"Àrùn ọlọ́lá ni. Kì í mú tálákà."

Ó rẹ́rìn-ín títí, àfi ìgbà tí mo dé orí ọ̀rọ̀ abẹ. Ojú rẹ̀ yí padà. "Ṣé o ń sọ pé èmi ni mo fi abẹ pa ọ́? Abẹ tí bàbá mi fi sín àwọn bàbá yín?" Mo ní n kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní, "O ti sọ ọ́." Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Láti ọjọ́ yẹn, àáró ń lọ láti oko dé oko, wọn kò ránṣẹ́ pè mí. Nígbà tí ó kan oko tèmi, ilẹ̀ mi nìkan ló wà níbẹ̀, òun àti àwọn tata. Mo ń lo òògùn kejì, èyí tí a fi owó iṣu inú àká rà, tí àwọn ọmọ sì fi díẹ̀ kún un. Òògùn yẹn kò ṣe mí ní nǹkan bí ìpalọ́lọ́ oko yẹn ṣe ṣe mí. Ẹ̀rù tuntun ló ń bà mí nísinsìnyí: bí kòkòrò yìí bá wà lára ọ̀rẹ́ mi, ìbínú ni yóò fi bò ó títí inú rẹ̀ á fi wú.

Ẹ̀yin ará ibòmíràn lè má mọ òfin àáró, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ lóko rẹ, o gbọ́dọ̀ lọ sí tirẹ̀. Iṣẹ́ tó bá yàn fún ọ lọ́jọ́ tirẹ̀, o gbọ́dọ̀ ṣe é, ì báà jẹ́ ebè, ì báà jẹ́ òrùlé. Kò sí àwíjàre, àfi ikú.

Ọjọ́ tí ó kan oko Bàbá Táyé, mo gbé ọkọ́ mi. Ìyá Kàmọ̀rú dì mí mú. "Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń mí bí ewìrì!" Mo ní kí ó jẹ́ kí n lọ, ète kan wà nínú mi. Mo dé oko, wọ́n ti tò. Kò sẹ́ni tó kí mi. Mo bọ́ sí poro tèmi, mo bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo ebè ọjọ́ yẹn! Ilé èèrùn tóbi jù wọ́n lọ. Mo kọ ọ̀kan, mo jókòó lé e lórí, ó wó. Mo kọ òmíràn. Òógùn ń dà lára mi. Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń gbé ẹ̀rín mì lẹ́yìn, mo ń bá iṣẹ́ mi lọ, n kò wẹ̀yìn, títí iṣẹ́ fi parí.

Bàbá Táyé wá dúró lórí poro mi. Ó fi ẹsẹ̀ kan ebè kan.

"Kí lèyí? Ibojì aláǹgbá?"

"Ebè ni. Mo ti ṣe é tán. Ṣé mo ṣiṣẹ́ lóko rẹ lónìí, àbí n kò ṣe?"

Mo yí sí àwọn tó kù.

"Ẹ̀yin èèyàn, ṣé mo ṣe é?"

Wọ́n ní, "O ṣe é."

"Ó dáa. Ọ̀la kàn mí. Ìlà tó wà nílé ìwòsàn Ṣakí ni oko mi. Gbogbo yín lẹ máa bá mi ro ó. Kí ẹ kó bàtà yín wá."

Ariwo sọ! Ọ̀kan ní òun kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ọ̀kan ní òfin ni òfin. Bàbá Táyé wo ebè mi, ó wò mí bí mo ṣe ń gbọ̀n lórí ọkọ́, ojú rẹ̀ wá pọ́n, kì í sì í ṣe ti ibà. Ó ní, "Olè ni ọ́, Bàbá Kàmọ̀rú. Láti kékeré lo ti ń jí èèyàn gbé." Ó gba ọkọ́ lọ́wọ́ mi, ó gbé e lé èjìká tirẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀kadà wa tò lójú ọ̀nà Ṣakí bí ìgbà tí wọ́n ń sin ìyàwó. Bàtà àáró wa nìkan gba ìdajì ìlà. Nígbà tí èsì jáde, ẹ̀jẹ̀ àwọn tó kù mọ́. Ti Bàbá Táyé ni kò mọ́. Ẹ̀yà kan náà ni, ẹ̀sùrú pọ́ńbélé, ṣùgbọ́n kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í já ẹ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ.

Ó jókòó, ó ń rò ó. Ó ní, "Dúró ná. Àwọn tó sín ṣáájú, ara wọn mọ́. Ìwọ lo sín tẹ̀ lé wọn. Èmi ni mo sín tẹ̀ lé ọ." Ó dìde fùú, ó nàka sí mi níwájú gbogbo aláìsàn. "Nítorí náà ìwọ lo fẹ́ pa mí! O wá ń bínú sí mi!"

Ta ni ó bínú sí ta ni? Mo fẹ́ jiyàn, ẹ̀rín gbé mi lulẹ̀. Òun náà bú sẹ́rìn-ín. Àgbàlagbà méjì, a dì mọ́ra wa, à ń rẹ́rìn-ín, omi ń dà lójú wa, títí nọ́ọ̀sì fi ní kí á jáde. Dókítà ní kò sẹ́ni tó lè mọ ẹni tó kó o ran ẹnì kejì, ó lè jẹ́ abẹ onífárí, ó lè jẹ́ abẹ́rẹ́ àtijọ́, kí á jáwọ́ nínú ẹjọ́. A jáwọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń ka èyí, ara mi rèé lónìí. Òògùn kejì tán, a yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, kòkòrò ti lọ. A dúró, a tún yẹ ẹ́ wò, ó ṣì lọ náà ni. Ojú mi funfun bí ògì. Mo ń jẹ iyán, odó ti ń sá fún mi padà. Ṣùgbọ́n n kò ní tàn yín. Àpá wà lára ẹ̀dọ̀ mi, àpá kì í lọ bọ̀rọ̀, nítorí náà mo máa ń padà lọ fi inú mi hàn wọ́n ní àkókò tí wọ́n bá dá. N kò fẹnu kan ọtí, n kò mu àgbo, abẹ mi nìkan ló ń fá orí mi, torí wọ́n ní ẹni tó bọ́ lè tún kó o. Agbára mi kò tíì pé bí ti àtijọ́, ebè mi ṣì kéré díẹ̀. Ìyàwó ọmọ mi ní òun kò lè rí Ṣakí láti orí wọn mọ́, Ìgbòho nìkan lòun ń rí.

Àáró wa ti padà. A kò sín gbẹ́rẹ́ lọ́dún yìí. Bàtà rọ́bà gíga ni olúkúlùkù wọ̀ lọ sóko, Bàbá Táyé ló tò wá sídìí igi òrí, ó ń yẹ bàtà wò lọ́kọ̀ọ̀kan bí ọ̀gá sójà. Ṣèbé tó máa ń kí mi tún wá. Ó wo bàtà yẹn láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ó mi orí, ó lọ.

Orí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn Ṣakí ni mo ti ń kọ ìparí yìí. Bàbá Táyé ti lo òògùn tirẹ̀ tán, orí iná tó yẹ ẹ̀sùrú gan-an ni òun ti bẹ̀rẹ̀, òní ni wọ́n fẹ́ sọ fún un bóyá kòkòrò náà ti lọ. Ó ní ẹ̀rù kò ba òun. Ó ti lọ tọ̀ títí ó fi sú ọlọ́gbà. Bàtà rẹ̀ wà nínú ìlà, bàtà mi wà lẹ́yìn tirẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò ní nǹkan tí mo fẹ́ gbà níbí lónìí. Àáró ni. Àyè sì wà lẹ́yìn bàtà mi. Ẹ gbé tiyín wá síbẹ̀.